A fẹ́ fi gángan àti gìtá ṣe àwo ìyẹ́sí fún Black Sabbath n'Íjẹ̀bú-Òde, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Gìtá Òkè-Ajé
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí ṣùgbọ́n òní ni màá kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fúnra mi. Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣeré n'Íjẹ̀bú-Òde, èmi ń ta gìtá, ọ̀rẹ́ mi kan ń ta béèsì, ẹnì kan wà nídìí dúrọ́ọ̀mù, ẹnì kẹrin ni àbúrò kan láti Ìmọ̀wò, ọmọ àyàn ni, tó bá gbé gángan há abíyá ẹ máa rò pé èèyàn ló ń sọ̀rọ̀.

Ohun tó gbé mi wá rèé. Lọ́jọ́ 22 oṣù Júláì 2025 tí wọ́n ní Ozzy Osbourne, akọrin Black Sabbath, ẹgbẹ́ òyìnbó tó ń ṣe hẹ́fì mẹ́tà, orin gìtá iná tó wúwo, ti kú, mi ò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún péré ṣáájú ló jókòó sórí àga ní pápá Villa Park ní Birmingham, tó kọrin ìdágbére pẹ̀lú Tony Iommi, Geezer Butler àti Bill Ward, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó dá Black Sabbath sílẹ̀ ní 1968, fóònù ni mo fi ń wo gbogbo ohun tí mo bá rí nípa ẹ̀ títí dátà mi fi tán. Bọ̀dá mi àgbà ló kọ́ mi ní gìtá, kásẹ́ẹ̀tì wọn kan wà lọ́wọ́ ẹ̀ tí téèpù inú ẹ̀ ti já lẹ́ẹ̀mejì tó fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, tó bá ti dé ibi tó lẹ̀ yẹn orin á fò, títí dòní tí mo bá gbọ́ orin yẹn níbòmíì mo ṣì máa ń retí pé kó fò. Bọ̀dá mi ti di olóògbé. Torí ẹ̀ náà ni.

A fẹ́ ṣe àwo kékeré, orin márùn-ún. Èwo nínú àwọn àwo ìyẹ́sí, ìyẹn àwo tí àwọn míì ti fi tún orin Black Sabbath kọ láti yẹ́ wọn sí, ló yẹ ká gbọ́ dáadáa ká fi kọ́gbọ́n? Orin wọn wo ló lè gba gángan? Ṣé a lè yí i sí Yorùbá? Ṣé a máa tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnì kankan? Owó ò pọ̀ lọ́wọ́ wa o, ẹ jọ̀ọ́.

Àwo Dúdú Ṣàgámù
Àbúrò, Ọlọ́run á tẹ́ bọ̀dá yín sí afẹ́fẹ́ rere. Ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn, ọ̀dọ̀ mi ló yẹ kó dé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Nativity in Black tó jáde ní 1994. Ògbóǹtarìgì ni gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, Megadeth ṣe Paranoid, Sepultura láti Bràsílì ṣe Symptom of the Universe, White Zombie ṣe Children of the Grave, Bruce Dickinson ti Iron Maiden kọ Sabbath Bloody Sabbath pẹ̀lú Godspeed, Faith No More gbé War Pigs tí wọ́n ṣe níwájú èrò síbẹ̀. Ozzy fúnra ẹ̀ wà nínú ẹ̀, òun ló bá Therapy? kọ Iron Man, Geezer Butler àti Bill Ward náà sì bá Rob Halford ti Judas Priest ṣe The Wizard, ẹ ò rí i pé àwọn tí wọ́n ń yẹ́ sí gan-an dìde bá wọn jó.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí torí ó ti tó ogún ọdún tí àwo yìí ti wà lọ́wọ́ mi. Àwọn tó kọ ọ́ bí wọ́n ṣe bá a lára àwo àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́, tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀kẹta ẹ máa padà sídìí ti Black Sabbath fúnra wọn, kí ló máa mú yín dúró? Ẹni tó mú mi dúró ni Type O Negative. Orin tó ń jẹ́ Black Sabbath ni wọ́n mú, èyí tó ti ń falẹ̀ tẹ́lẹ̀ bí òkú ń rìn, wọ́n tún wá fà á lọ́ra sí i, ohùn olórin wọn wá jinlẹ̀ bíi kànga. Ó dà bíi pé wọ́n mọ̀ pé àwọn ò lè ju baba lọ nínú ohun tí baba ṣe, wọ́n wá gba ọ̀nà ibi tí baba ò tíì dé. Irú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá.

Apá kejì jáde ní 2000, System of a Down ṣe Snowblind, Pantera ṣe Electric Funeral, Slayer ṣe Hand of Doom, Primus àti Ozzy ṣe N.I.B. Ó dáa, àmọ́ tówó dátà bá kéré, ti àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ mú.

Ìyá Ìbejì Ìpẹru
Ẹ má bínú pé mo dá sí i o, èmi kì í ṣe olórin, ọmọ mi ọkùnrin ló ń gbọ́ àwọn orin yìí tí mo fi ń ka ìjíròrò yín. Orúkọ ẹgbẹ́ yẹn ń dẹ́rù bà mí, pẹ̀lú àgbélébùú tí wọ́n ń gbé kọ́rùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ wọ́n, ṣé kò sí nǹkan míì nídìí ẹ̀? Torí tẹ́ ẹ bá wá gbé gángan sí i, wọ́n á ní ẹ ń bọ nǹkan.

Àwo Dúdú Ṣàgámù
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé tẹ́ ẹ béèrè dípò kẹ́ ẹ kàn gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ. Ará fíìmù ẹlẹ́rù kan ni wọ́n ti rí orúkọ yẹn, Earth ni wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ilé Kátólíìkì ni wọ́n ti tọ́ Geezer Butler dàgbà, òun ló kọ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ orin wọn. Ẹ ní kí ọmọ yín fi After Forever han yín, nínú àwo wọn ti 1971, Master of Reality, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run àti ikú ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, Biohazard sì tún un kọ nínú Nativity in Black yẹn náà. War Pigs, àwọn olóṣèlú tó ń rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sójú ogun ló ń bú, ìgbà ogun Vietnam ni wọ́n kọ ọ́. Ẹ jókòó ti ọmọ yín kẹ́ ẹ jọ ka ọ̀rọ̀ ẹ̀, inú ẹ̀ máa dùn gan-an.

Ìyá Ìbejì Ìpẹru
Mo gbọ́ o, ẹ ṣeun sà. Màá bá a jókòó.

Bàbá Agídìgbo
Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kú iṣẹ́. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo wà, mi ò mọ àwọn òyìnbó yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rántí nǹkan kan fún yín torí àwo ìyẹ́sí kì í ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ yìí. Hárúnà Ìṣọ̀lá, baba àpàlà, ní 1948 tó ṣe àwo ẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ àwo HMV, ọba wa ló fi yẹ́ sí, Ọba Adébóyè, Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwo yẹn ò tà. Kò sinmi, ó ń káàkiri òde ìnáwó, wọ́n ń gbọ́ ohùn ẹ̀. Lẹ́yìn tí ọba wàjà, ní 1955, ó padà sídìí àwo yẹn, ó tún un kọ, ìgbà yẹn ni orúkọ ẹ̀ wá kan. Orin kan náà, olórin kan náà, ẹni kan náà ni wọ́n ń kì. Kí ló yí padà? Ẹni tí wọ́n ń kì ti lọ, àwọn èèyàn ń wá ohun tí wọ́n máa fi sunkún ẹ̀. Òun náà sì ti dàgbà nínú iṣẹ́.

Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni pé kẹ́ ẹ má kánjú. Tẹ́ ẹ bá ṣe é lọ́dún yìí tí kò jọ ohun tó wà lọ́kàn yín, ẹ gbé e pamọ́ kẹ́ ẹ tún un ṣe.

Ohun kejì, kí ló dé tẹ́ ẹ ní béèsì nìkan? Ẹ wá agídìgbo. Agídìgbo ló ń ṣe iṣẹ́ béèsì nínú àpàlà, bàbá yẹn ò sì gba gìtá òyìnbó láyè nínú ẹgbẹ́ ẹ̀ títí tó fi lọ ní 1983. Ohùn irin tó ń dún nínú àpótí igi yẹn, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ta bá fà á díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rù á ba ẹni tó ń gbọ́, ẹ̀rù yẹn sì lẹ ní àwọn òyìnbó yín ń wá.

Gìtá Òkè-Ajé
Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ o! Mi ò ronú kan agídìgbo rárá. Ṣé ẹnì kan wà lọ́dọ̀ yín tó ṣì ń ta á?

Bàbá Agídìgbo
Ó wà. Ẹ kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀, ẹ má fi nọ́ńbà síbí.

Àńtí Òde-Rẹ́mọ
Bàbá ti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ tán ṣùgbọ́n màá fi kún un. Gìtá, ẹ má gbọ́ àwọn hẹ́fì mẹ́tà nìkan. Ẹ wá ẹgbẹ́ Brownout láti Austin ní Texas, orin fọ́ńkì àwọn Látìnì ni wọ́n ń ṣe, ní 2014 wọ́n gbé àwo kan jáde tó ń jẹ́ Brown Sabbath, fèrè àti kóńgà ni wọ́n kó bá àwọn orin Black Sabbath, ṣe ni n ò lè jókòó jẹ́ẹ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Apá kejì ẹ̀ wà, 2016. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí ìlù tí wọ́n ń fọwọ́ lù ṣe lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìtá tó ń ké láìjẹ́ pé ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ kọ́ ọ.

Àwọn kan tún wà ní Estonia, Rondellus, wọ́n ní àwo kan tó ń jẹ́ Sabbatum, èdè Látìn ni wọ́n fi kọ àwọn orin yẹn pẹ̀lú háàpù bí àwọn ẹlẹ́sìn àtijọ́ ṣe ń kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí gìtá iná kankan níbẹ̀, síbẹ̀ ẹ máa dá orin kọ̀ọ̀kan mọ̀.

Sepultura tí ẹ̀gbọ́n Ṣàgámù dárúkọ, ẹ máà dúró síbi Symptom of the Universe nìkan, ẹ gbọ́ àwo wọn Roots ti 1996, wọ́n lọ jókòó ti àwọn ẹ̀yà Xavante nínú ìgbẹ́ Bràsílì, wọ́n sì pe Carlinhos Brown láti Bahia wá lù fún wọn. Kì í ṣe àwo ìyẹ́sí, àmọ́ ó máa hàn sí yín pé ìlù ìbílẹ̀ àti mẹ́tà kì í jà.

Èyí tó kù lọ́kàn mi kẹ́ ẹ tó lọ. Charles Bradley, olórin sóòlù ará Amẹ́ríkà, ó mú Changes, orin dùùrù pẹ̀lẹ́ tí Black Sabbath kọ ní 1972, ó tún un kọ, ó sì wá di orúkọ àwo ẹ̀ ti 2016. Màmá ẹ̀ ti kú nígbà yẹn. Orin tí àwọn yẹn kọ nípa olólùfẹ́ tó lọ, lẹ́nu tiẹ̀ ó ti di ti màmá ẹ̀. Ẹ sọ pé torí bọ̀dá yín náà ni. Mo rò pé orin yín ti wà níbẹ̀.

Gìtá Òkè-Ajé
Mo gbọ́ ọ nísinsìnyí. Àńtí, ẹ ò ṣe mí dáadáa, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, omi ń bọ́ lójú mi níwájú kọ́sítọ́mà.

Ọmọ Mákun
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kíákíá. Iṣẹ́ léètì ni mo ń ṣe ní Ṣàgámù, ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn ẹ̀rọ gé orí ìka mi méjì, mo sì gbé gìtá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹnì kan ló sọ ìtàn Tony Iommi fún mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, nílé iṣẹ́ irin ní Birmingham, ọjọ́ tó yẹ kó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ gé orí ìka àárín àti èyí tó tẹ̀ lé e lọ́wọ́ ọ̀tún, ọlọ́wọ́ òsì ni, ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló fi ń tẹ okùn. Ọ̀gá ẹ̀ ló lọ gbé àwo Django Reinhardt fún un, ẹni tí iná jó lọ́wọ́ tó jẹ́ pé ìka méjì ló fi ń ta gìtá. Iommi wá yọ́ ìgò pílásítíìkì, ó fi ṣe ìbọ̀ fún orí ìka, ó wá okùn tó tín-ín-rín, nígbà tó sì di Master of Reality ó dẹ okùn gìtá ẹ̀ wálẹ̀ ní fírẹ́ẹ̀tì (àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ ọrùn gìtá) mẹ́ta gbáko kó má baà máa dùn ún. Ohùn wúwo tí gbogbo ayé wá ń fara wé, inú ìrora ọwọ́ ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti wá.

Ìmọ̀ràn tèmi, ẹ dẹ okùn yín. Kì í ṣe torí àtijọra nìkan, gángan máa ríbi mí sí tí gìtá bá wà nísàlẹ̀. Èmi náà ti padà sídìí gìtá, okùn tó tín-ín-rín jù lọ ní ọjà ni mò ń lò, awọ ni mo rán bo ìka. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gìtá kejì mo ṣe tán láti wá lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́yà Agó
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti rí i pé kò sẹ́ni tó dáhùn ìbéèrè àyè títọrọ, ibẹ̀ sì ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́.

Ẹni méjì ló ni orin kan. Ẹni tó kọ orin, ìyẹn ohùn àti ọ̀rọ̀, àti ẹni tó ni àwo tí wọ́n gbà á sí. Tẹ́ ẹ bá fúnra yín lù ú tẹ́ ẹ fúnra yín kọ ọ́, ẹ ò fọwọ́ kan ti ẹnì kejì, ti ẹnì kínní nìkan lẹ máa yanjú. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń báni gbé orin sórí Spotify àti Apple Music, púpọ̀ nínú wọn ní ibi tẹ́ ẹ ti lè sanwó láísẹ́ǹsì kọ́và, ìyẹn àyè láti tún orin ẹlòmíì kọ, ẹ máa sọ fún wọn pé kọ́và ni, ẹ máa kọ orúkọ àwọn tó kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ má purọ́ pé orin yín ni. Tó bá jẹ́ YouTube, ẹ̀rọ wọn lè dá orin náà mọ̀, kí owó ìpolówó ẹ̀ sì máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín, ìyẹn ò tíì burú.

Ṣùgbọ́n yíyí i sí Yorùbá, ẹ dúró níbẹ̀ ná. Láísẹ́ǹsì kọ́và kò gbà yín láyè láti yí ọ̀rọ̀ orin padà. Bí òfin ṣe rí ló rí yẹn, lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà tiwa náà, ti 2022 tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Máàsì 2023, ẹni tó ni iṣẹ́ ló ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ máa ní láti kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣàkóso orin wọn, wọ́n sì lè má dáhùn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ tèmi, ẹ fi ọ̀rọ̀ òyìnbó ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Gìtá Òkè-Ajé
Háà. Ó dùn mí o, a ti túmọ̀ War Pigs dé ìdajì. Ṣùgbọ́n gángan ńkọ́ sà? Ọmọ àyàn yìí ò lè lù kó máà sọ̀rọ̀.

Lọ́yà Agó
Ìyẹn gan-an ni ọ̀nà àbáyọ. Ẹ jẹ́ kí ó fi gángan ki Ozzy kí ó sì ki bọ̀dá yín kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ẹ sọ ọ́ lórúkọ tiẹ̀. Tiyín nìyẹn pátápátá, ẹ ò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ wá wọ inú kọ́và.

Bàbá Agídìgbo
Lọ́yà, ọmọ ọkọ ni yín. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, wọ́n á kọ́kọ́ júbà.

Sáúńdì Ìlíṣàn
Ọ̀rọ̀ sítúdíò ló kù, tèmi nìyẹn. Tí owó ò bá pọ̀, ẹ má gba sítúdíò ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ṣe rìhásà nílé títí ẹ fi lè lu orin márààrún lójú oorun, kẹ́ ẹ wá gba ọjọ́ kan, ẹ lọ lóru tí ariwo ọ̀kadà ti dínkù. Ẹ béèrè ibi tí jẹnẹrétọ̀ wọn wà kẹ́ ẹ tó sanwó, mo ti bá ẹnì kan ṣiṣẹ́ rí tó jẹ́ pé nínú gbogbo ibi tí orin ti pa rọ́rọ́ lẹ ó ti máa gbọ́ jẹnẹrétọ̀ bíi kòkòrò.

Ẹ má gbé áńpù gìtá sí yàrá kan náà pẹ̀lú gángan láéláé. Áńpù á wọ inú máìkì gángan, kò sì ní jáde mọ́. Ẹ ki wáyà gìtá bọ inú kọ̀ǹpútà tààrà, kí gbogbo yín fi hẹ́dífóònù bo etí, kẹ́ ẹ jọ lu orin náà pa pọ̀, torí àwọn onílù wa kì í gbádùn kílíìkì tó ń dún tẹ́-tẹ́-tẹ́ létí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ohun tó máa dì yín mú, agogo ni kẹ́ ẹ fi ṣe é. Kẹ́ ẹ sì wo ojú ọjọ́ o. Tí òjò bá rọ̀, awọ gángan á dẹ̀, ohun tẹ́ ẹ gbà láàárọ̀ ò ní bá tìrọ̀lẹ́ mu mọ́. Gìtá ni kẹ́ ẹ bá ìlù wá, ẹ má ní kí ìlù wá bá gìtá.

Orin tí màá mú: War Pigs, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ yẹn ń lọ ní mẹ́ta-mẹ́ta, ọ̀nà dùndún wa ni, kò sí nǹkan tẹ́ ẹ máa yí padà. Planet Caravan, Bill Ward fúnra ẹ̀ lu kóńgà níbẹ̀, ẹ gbé agídìgbo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sí i. Children of the Grave, ìyẹn ń sáré bí ẹṣin ní Ojúde Ọba, ibẹ̀ ni kí ọmọ àyàn yẹn ti gba ojú agbo.

Àwo Dúdú Ṣàgámù
Mo fara mọ́ gbogbo ẹ̀ àfi pé kẹ́ ẹ mú Supernaut kún un, ibì kan wà láàárín ẹ̀ tó jẹ́ pé ìlù nìkan ló ń dún. Kí dúrọ́má yín sì mọ̀ pé Bill Ward kì í lu mẹ́tà bí ẹni ń dá igi, jáàsì ló gbọ́ dàgbà, Gene Krupa, onílù jáàsì ará Amẹ́ríkà, ló ń wò ṣe àwòkọ́ṣe. Kó jẹ́ kó máa fì.

Gìtá Òkè-Ajé
Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. A pàdé lánàá lẹ́yìn ọjà, a ti fẹnu kò. Gángan máa júbà, lẹ́yìn ẹ̀ War Pigs, Children of the Grave, Supernaut, Planet Caravan pẹ̀lú agídìgbo, a máa fi Changes parí ẹ̀, a ò ní túmọ̀ ohunkóhun. Ọmọ Mákun, ẹ máa bọ̀ o, ìwọ̀n okùn tẹ́ ẹ̀ ń lò yẹn ni kẹ́ ẹ bá mi rà dání, mo fẹ́ fi dán gìtá bọ̀dá mi wò, ọrùn ẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀ mi ò fẹ́ fi okùn líle fà á. Bàbá, alágídìgbo yẹn ti pè mí, ó ní ṣáájú kóun tó gbà, kí n kọ́kọ́ mú orin àwọn òyìnbó yìí wá kóun gbọ́. Mò ń bọ̀ n'Íjẹ̀bú-Igbó lọ́jọ́ Sátidé, kásẹ́ẹ̀tì yẹn ni màá mú dání, mo ti rí ẹnì kan tó máa yá mi ní ẹ̀rọ tó ṣì ń lò ó.

Bàbá Agídìgbo
Ẹ tètè dé kí oòrùn tó mú. Gaàrì wà nílé.